Fífi ẹ́ńjìnnì 1JZ oní-tọ́bò sínú Supra ọdún 1989 ní Abẹ́òkúta: ètò iṣẹ́ àti ètò owó

Ọmọ Ìbarà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ojúgbà mi tí a jọ fẹ́ràn ọkọ̀ eré, mo kí yín o. Toyota Supra tí wọ́n ṣe ní ọdún 1989 ni mo ní, irú èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà, tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, tí a sì ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀. Ara ọkọ̀ náà dúró dáadáa, kò dípẹtà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì 7M-GE onílítà mẹ́ta tí ó bá a wá ti darúgbó: ó ń mu epo ẹ́ńjìnnì, kò sì gun òkè bí ó ti yẹ mọ́. Dípò kí n tún un ṣe, ọkàn mi fà sí kí n gbé 1JZ-GTE oní-tọ́bò (ẹ̀rọ tí ń fi agbára èéfín ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) sí i. Oníṣòwò kan ní ọjà Ládipọ̀ ti sọ iye tí yóò tà á fún mi, iye náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tí mo ti kó jọ. Ṣé kí n sanwó fún un báyìí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa wá ìyókù bí owó oṣù bá ti ń wọlé? Báwo sì ni ẹni tí ó wà ní Abẹ́òkúta ṣe lè ṣètò irú iṣẹ́ yìí tí ọkọ̀ kò fi ní di ilé adìyẹ lẹ́yìn ilé?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Àbúrò, má tíì sanwó. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o fẹ́ rà.

Iṣẹ́ náà ṣe é ṣe, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ti ṣe é ṣáájú wa. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni Toyota ti ń gbé 1JZ-GTE sínú Supra tí ara rẹ̀ bá tìrẹ dọ́gba, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ará Japan. Àyè iwájú ọkọ̀ gbà á, nítorí náà kò sí ìdí kankan fún ẹnikẹ́ni láti fi iná gé irin ọkọ̀ rẹ. Ohun tí yóò yàtọ̀ ni ẹ́ńjìnnì sítì, ìyẹn irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi jókòó, nítorí pé èyí tí ó wà lára 7M kò ní bá 1JZ mu. Wá irú èyí tí ó wà lára Supra tí ó ti ní 1JZ tẹ́lẹ̀. Bí wẹ́dà bá sọ fún ọ pé òun yóò jó ohun kan mọ́ ọn tí yóò gbé e dúró, dá a lóhùn pé o ti gbọ́, kí o sì máa lọ.

Oríṣi méjì ni 1JZ-GTE tí ìwọ yóò bá pàdé lọ́jà. Èyí àkọ́kọ́ ní tọ́bò kéékèèké méjì tí ń ṣiṣẹ́ papọ̀. Èyí tí ó dé ní ọdún 1996 ní tọ́bò kan ṣoṣo, ó sì ní VVT-i, ìyẹn ètò tí ń yí àsìkò ṣíṣí fáàfù padà. Títóbi àwọn méjèèjì jẹ́ 2,492 cc, agbára 280 PS ni a sì kọ sínú ìwé méjèèjì, nítorí àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Japan bá ara wọn ṣe láyé ìgbà náà pé àwọn kò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra gan-an ni agbára ìfà wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 363 Nm, ó sì di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 4,800 láàárín ìṣẹ́jú kan kí ó tó mú un jáde. Ti èkejì jẹ́ 378 Nm ní 2,400 péré. Fún ẹni tí ń gun òkè nínú ìlú wa, tí ń dúró tí ó sì ń gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pánṣẹ́kẹ́, èkejì ni èmi yóò rà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé seramiki ni abẹ́ tí èéfín ń yí nínú àwọn tọ́bò kéékèèké ti àkọ́kọ́. Bí a bá fi agídí fún un ní ìfúnpá atẹ́gùn ju èyí tí ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀ lọ, abẹ́ náà a máa já kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀.

Bí o bá dé iwájú ẹ́ńjìnnì náà, má jẹ́ kí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún tàn ọ́. Fi ọwọ́ yí i kí o mọ̀ bóyá ó ń yí pátápátá láìdúró. Ṣí ìdérí epo rẹ̀, kí o wo bóyá ohun funfun bí ògì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé omi ti pàdé epo nìyẹn. Wọn ìfúnpá gbogbo sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Iye tí ẹyọ kan bá fi hàn kò ṣe pàtàkì tó bí wọ́n ti súnmọ́ ara wọn sí, nítorí pé èyí tí ó bá yà sọ́tọ̀ láàárín wọn ni yóò kó ọ sí wàhálà. Yọ ọ̀pá atẹ́gùn kúrò lẹ́nu tọ́bò, kí o fi ìka mi ọ̀pá àárín rẹ̀: bí ó bá ń kan ara àpótí rẹ̀, tàbí tí epo bá kún ibẹ̀, tọ́bò náà ti lọ. Kí o sì wo ibi tí agbada epo ìsàlẹ̀ wà, bóyá iwájú ni o tàbí ẹ̀yìn, nítorí pé ọkọ̀ oríṣiríṣi ni Toyota gbé ẹ́ńjìnnì yìí sí, agbada wọn kò sì rí bákan náà.

Lẹ́sọ́ọ̀sì Ló Pé

Mo tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Kí ni ó dé tí ó fi di dandan kí ó jẹ́ tọ́bò? 2JZ-GE onílítà mẹ́ta tí ó wà nínú Lẹ́sọ́ọ̀sì GS300 àti IS300 kún ọjà, ẹbí kan náà ni òun àti 1JZ, ìjókòó wọn sì jọra. Kò sí mẹkáníìkì Lẹ́sọ́ọ̀sì kan láti Ọbańtókò dé Lágòs tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Owó rẹ̀ kéré sí ti 1JZ-GTE lọ́nà púpọ̀, kò nílò íńtákúlà (ohun tí ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù), agbára rẹ̀ sì ju ti 7M tí ọ̀rẹ́ wa ní lọ. Bí owó bá wọlé lọ́jọ́ iwájú, a lè wá fi tọ́bò kún un.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, mo sì rọ Ọmọ Ìbarà pé kí ó rò ó dáadáa. Apá ìkẹyìn ni mi ò fara mọ́. 2JZ-GE tí ó ní VVT-i ń fún epo àti atẹ́gùn pọ̀ ní ìlọ́po 10.5, nígbà tí 1JZ-GTE oní-tọ́bò méjì wà ní 8.5, tí ti ọdún 1996 sì wà ní 9.0. Bí o bá fi tọ́bò lé ẹ́ńjìnnì tí ó ti fún ohun gbogbo tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí o sì ń da bẹntiróòlù tiwa sí i, pisítìnì ni yóò san gbèsè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ 2JZ-GE, kí ó fẹ́ ẹ bí ó ṣe rí.

Oníṣirò Òkè-Mosàn

Ọmọ Ìbarà, mo kí yín. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ọkọ mi ni ó ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi sì ni mo ń tọ́jú ìwé owó rẹ̀, nítorí náà ojú owó ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nínú ohun tí ẹ kọ ni pé owó ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí ẹ ní. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì ní ìdajì owó iṣẹ́ náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé a pín gbogbo owó sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì, wáyà rẹ̀ àti bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ́ńjìnnì) kò gbọdọ̀ jẹ ju mẹ́rin lọ. Méjì yóò lọ sórí ohun tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó wọ inú ọkọ̀, èyí tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ẹ́ kà nítorí pé ojú kì í rí i: bẹ́líìtì táímíǹgì àti rọ́là rẹ̀, pọ́ǹpù omi, gbogbo sìlì iwájú àti ẹ̀yìn, púlọ́ọ̀gì, àwọn rọ́bà omi, kílọ́ọ̀ṣì, fílítà. Méjì mìíràn jẹ́ ti rédíétọ̀, íńtákúlà, àwọn ọ̀pá atẹ́gùn, pọ́ǹpù bẹntiróòlù àti salẹ́ńsà láti ẹnu tọ́bò dé ẹ̀yìn. Ọ̀kan jẹ́ ti bíréèkì àti táyà. Ọ̀kan tí ó kù ni owó iṣẹ́ ọwọ́, owó tí a fi gbé ẹrù láti Lágòs, àti owó ìwé ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tán, ẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ kún un fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú àpò tí ẹ kò ní máa wò lójoojúmọ́.

Ẹ má sì kọ iye náírà nìkan sínú ìwé yín. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ni iye tí oníṣòwò bá pè lóṣù yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró di oṣù kẹta. Ẹ kọ iye dọ́là rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣe àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Bí mo ti ka ohun tí ẹ kọ tán ni mo mú bírò. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ó mú mi rò pé kí n tètè ra ẹ́ńjìnnì náà kí dọ́là tó tún gòkè, kí n sì gbé e pamọ́ sí gàréèjì títí àwọn nǹkan yòókù yóò fi pé.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni o fẹ́ rà. Àwọn tí ń tà á máa ń fún ènìyàn ní ọjọ́ díẹ̀ láti dán an wò. Bí kò bá dára, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀, wọn kì í sábàá dá owó padà. Bí o bá gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́jọ kí o tó tan án, tí o wá rí i pé ó ń mu epo, ta ni ìwọ yóò bá sọ ọ́? Owó tí o rò pé o fi sá fún dọ́là ti wọ inú irin tí kò lóhùn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra ohun tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Bíréèkì lè ṣáájú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ yìí wúwo ju 1,500 kg lọ, agbára tí o sì fẹ́ fún un yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. O lè máa wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú 7M tí ó wà nínú rẹ̀ bí o ti ń ṣe èyí, torí náà kò ní dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀. Táyà ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé ó máa ń gbó lórí ìjókòó. Gásíkẹ́ẹ̀tì àti bẹ́líìtì ni kí o má tíì rà títí ìwọ yóò fi mọ oríṣi 1JZ tí ó bọ́ sí ọ lọ́wọ́, torí pé ohun ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì kò bára mu tán. Ìgbà tí gbogbo owó ẹ́ńjìnnì àti ti ohun ìpààrọ̀ inú rẹ̀ bá pé lọ́wọ́ rẹ ni kí o lọ Ládipọ̀, kí a sì tan án lórí ilẹ̀ níbí láàárín ọjọ́ tí wọ́n fún ọ, kí a tó fọwọ́ kan 7M.

Ẹlẹ́rọ Adátán

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bẹntiróòlù àti ooru, nítorí pé ohun méjì yìí ni ó ń pa tọ́bò ní ilẹ̀ wa.

Ní Japan, bẹntiróòlù olówó ńlá tí wọ́n ṣètò irú ẹ́ńjìnnì yìí fún kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 96 lọ lórí òṣùwọ̀n ọ́kítéènì wọn, èyí tí a sì ń rà ní ilé epo lọ́pọ̀ ìgbà ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa wà ní nǹkan bíi 91. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé nígbà tí tọ́bò bá ti ń fún atẹ́gùn wọlé, tí ooru sì pọ̀, bẹntiróòlù tiwa lè gbiná kí iná púlọ́ọ̀gì tó kàn án, tí yóò sì máa lu pisítìnì. Sẹ́ńsọ̀ méjì wà lára 1JZ tí ń gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀, tí bíréènì bọ́ọ̀sì yóò sì fa àsìkò iná sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ibi tí ó lè fà á dé ní òpin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé òun yóò fún ọ ní agbára sí i nípa gbígbé ìfúnpá sókè, má jẹ́ kí ó súnmọ́ ọkọ̀ rẹ. Fi í sí ibi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí, tí ó sún mọ́ 10 psi. Pọ́ǹpù bẹntiróòlù tí ó bá 7M-GE wá kò ní lè bọ́ 1JZ yó. Ra tuntun tí ó lágbára, kí o tú táǹkì bẹntiróòlù sílẹ̀ kí a fọ ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí o tó gbé pọ́ǹpù náà sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdọ̀tí náà yóò dí nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ń fún bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì.

Ní ti ooru, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀: ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan yọ támósítátì, ìyẹn ohun tí ń ṣí ọ̀nà omi tí ó sì ń tì í bí ooru bá ti rí, sọnù. Àṣà yìí ti wọ àwọn kan lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rò pé ìtọ́jú ni. Bí kò bá sí, omi yóò máa gba inú rédíétọ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná dé ìwọ̀n lówùúrọ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì yóò sì máa da bẹntiróòlù sí i bí ẹni pé òtútù ń mú un. Omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Kúláǹtì àti omi tí a ti sẹ́ ni kí a pò mọ́ra. Íńtákúlà yóò jókòó níwájú rédíétọ̀, yóò sì dí i lójú díẹ̀, nítorí náà má ra èyí tí ó tóbi ju agbára rẹ lọ torí pé ó dùn ún wò. Ọkọ̀ tí yóò dúró nínú gósílóò Sáńgò Ọ̀tà lọ́sàn-án nílò fáànù tí ó ṣiṣẹ́ àti ike tí ń darí atẹ́gùn sí i, ju íńtákúlà ńlá lọ. Bí o bá sì ti sáré jìnnà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró díẹ̀ láìpa á kí epo lè gbé ooru kúrò lára tọ́bò. Epo ẹ́ńjìnnì, pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 km, ibi tí o ti mọ̀ ni kí o sì ti rà á, nítorí ayédèrú.

Réwáyà Aṣẹ́rò

Gbogbo ẹ ti sọ̀rọ̀ tó dára, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwa réwáyà ni ọkọ̀ irú èyí máa ń kú sí. Ìdarí ọkọ̀ Japan wà lápá ọ̀tún, nítorí náà bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lápá òsì, níwájú èrò. Tìrẹ wà ní òdìkejì. Wáyà tí ó bá 1JZ wá kò gùn dé ibẹ̀. A ó fi kún un. Bí a ó ti fi kún un ni kí o bójú tó: wáyà tí ó nípọn bákan náà, tí àwọ̀ rẹ̀ jọra, kí a jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, kí a sì fi rọ́bà tí iná ń súnkì bò ó. Ẹni tí ó bá ń ló wáyà pọ̀ tí ó ń fi táàpù wé e, ooru tọ́bò yóò tú iṣẹ́ rẹ̀ ká.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, wáyà náà gbọ́dọ̀ pé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń fi ayùn gé e kí ẹ́ńjìnnì lè tètè jáde. Má ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gé wáyà rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Bí ó bá jẹ́ oríṣi àkọ́kọ́, béèrè àpótí ìgbìnná tí ó dá dúró, torí pé àwọn kọ́ìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, wọn a sì máa gbàgbé rẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n tú. Fún pọ́ǹpù bẹntiróòlù tuntun ní wáyà tirẹ̀ àti rílè láti ara báttìrì.

Ohun kan tí yóò ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: síkánà, ẹ̀rọ tí ń ka àbùkù ọkọ̀, tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé káàkiri kò lè ka ẹ́ńjìnnì yìí. Àpótí kékeré kan wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi wáyà so TE1 àti E1 pọ̀ nínú rẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú awakọ̀ yóò máa ṣẹ́jú, a ó sì ka iye ìgbà tí ó ṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà àbùkù. Rí i dájú pé a so àpótí àti iná náà mọ́ bíréènì bọ́ọ̀sì tuntun. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, àbá lásán ni ẹnikẹ́ni yóò máa dá bí àìsàn bá dé.

Lẹ́sọ́ọ̀sì Ló Pé

Gíábọ́ọ̀sì ńkọ́? Ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ni tirẹ̀, W58 ni yóò wà nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

O káre láé. W58 lè gbé e fún ìgbà díẹ̀ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá fúyẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi í sínú ètò. R154 ni Toyota lò pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì yìí, owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí ènìyàn ń retí lọ, débi pé ó lè yí gbogbo ìṣirò Mà Oníṣirò padà. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí o ra ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀ lára ọkọ̀ kan náà. Gígùn pùròpẹ́là, ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò yí padà. A ó wọ̀n ọ́n nígbà tí ohun gbogbo bá ti jókòó sáyè rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Oníṣirò Òkè-Mosàn

Bí R154 bá mú kí mẹ́rin di márùn-ún, ẹ má ṣe yọ ọ́ lára bíréèkì. Ẹ sún ọjọ́ síwájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìwé pẹ̀lú. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, yóò sì yàtọ̀ sí ti tuntun. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yí i padà, kí ọkọ̀ tó jáde sí ọ̀nà Ṣàgámù. Àwọn adójútòfò náà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ọmọ Ìbarà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti sọ fún ọkùnrin Ládipọ̀ pé n kò ní rà á lóṣù yìí, inú rẹ̀ kò sì dùn. Bíréèkì àti rédíétọ̀ ni mo fẹ́ fi owó tí ó wà lọ́wọ́ ṣe, kí n sì máa wa 7M lọ bẹ́ẹ̀. N ó wá ti ọdún 1996 pẹ̀lú R154 nígbà tí mo bá ti ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí ẹ ṣírò fún mi, ìyẹn owó ẹ́ńjìnnì àti ti ohun tí a ó pààrọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi lọ nígbà náà?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Màá bá ọ lọ. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kí a lọ, ní òwúrọ̀ kùtù, kì í ṣe Sátidé tí èrò kún. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Abẹ́òkúta ni o ti ń bọ̀ kí a tó dúnàádúrà tán. Mú báttìrì tí ó ní iná dáadáa àti gééjì ìfúnpá tìrẹ dání, nítorí pé gééjì tiwọn kì í sọ pé ẹ́ńjìnnì kankan kò dára.